Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ta Ni Fóònù Yìí Wà Fún?

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú mi ni pé: nínú ọjà fóònù tí àwọn òmìrán ti gbà tán, kí ni ilé-iṣẹ́ kékeré tún lè rí jẹ níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ owó ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá nẹ́tíwọ̀kì sílẹ̀ ní láti gba àyè lórí ìgbì afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, kó sì ri òpó káàkiri, kí ẹnikẹ́ni tó lè fi pe ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn díẹ̀ ló lò ó, bí ogunlọ́gọ̀ ló lò ó, iye tó ná sórí òpó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó jẹ́ kí àwọn ńlá lè máa dín owó ìpè kù nìyẹn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká òpó lè ra ìṣẹ́jú ìpè lọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn, kó fi orúkọ ara rẹ̀ tà á, bí Virgin Mobile ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1999. Àmọ́ ó ṣòro kéèyàn fi owó pọ́ọ́kú borí ẹni tó ń tajà fún un. Oníbàárà gbọ́dọ̀ rí ìdí mìíràn tó fi máa wá.

Ní 2006, ilé-iṣẹ́ méjì gba ọ̀nà yìí wọ ọjà Amẹ́ríkà. ESPN, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, gbé Mobile ESPN jáde fún àwọn olólùfẹ́ eré. Arlene Harris àti ọkọ rẹ̀ Martin Cooper, ẹni tó kọ́kọ́ fi fóònù alágbèéká pe èèyàn ní 1973, gbé Jitterbug jáde fún àwọn àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ ká wo Jitterbug yẹn dáadáa. Bọ́tìnì rẹ̀ tóbi. Tí ìyá àgbà bá ṣí i, tó gbé e sétí, á gbọ́ ohùn tó ń dún bíi ti tẹlifóònù ilé, á mọ̀ pé ó ti ṣe tán. Tó bá tẹ òdo, èèyàn gidi ló máa dá a lóhùn, tí yóò fi orúkọ kí i, tí yóò sì bá a wá nọ́ńbà tó fẹ́ pè. Ẹ̀yìn bọ́tìnì òdo yẹn gan-an ni ọgbọ́n wọn wà. Òmìrán lè ṣe bọ́tìnì ńlá lọ́la, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó máa gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa dá gbogbo oníbàárà rẹ̀ lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2006 yẹn ò tíì parí tí Mobile ESPN fi kógbá sílé. Nígbà tó di 2007, orí fóònù Verizon, ọ̀kan nínú àwọn òmìrán nẹ́tíwọ̀kì Amẹ́ríkà, làwọn èèyàn ti ń wo ètò wọn. Ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó borí nínú eré kò nílò fóònù ọ̀tọ̀. Ohun tó fẹ́ lè wọ inú fóònù èyíkéyìí. Jitterbug ní tirẹ̀ dúró: ní 2018, Best Buy, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, san 800 mílíọ̀nù dọ́là láti ra GreatCall, ilé-iṣẹ́ tó ni ín.

Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń wá àwọn tó fẹ́ràn nǹkan kan, dípò àwọn tí fóònù gbogbo ayé ń ni lára.

Kódà, ẹni tó rí irú wọn lè pàdánù wọn. Láti 1999 ni BlackBerry ti ń gbé ímeèlì lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sì dùn-ún tẹ̀. Nígbà tí iPhone dé ní 2007, BlackBerry sáré lé oníbàárà gbogbo ayé: ní 2008 ó gbé fóònù Storm jáde, tí kò ní kíbọ́ọ̀dù oníbọ́tìnì, ojú gíláàsì nìkan lèèyàn ń tẹ̀. Èyí dùn mí, torí ohun tí wọ́n fi ń jọba gan-an ni wọ́n yọ dànù. Ní 2016, ó kéde pé òun ò ní ṣe fóònù fúnra òun mọ́.

Fairphone ni mò ń wò báyìí. Láti Amsterdam ló ti ń ta fóònù tí ẹni tó ni ín lè tú, kó pààrọ̀ bátìrì àti ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin bátìrì tí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rí bẹ́ẹ̀ láti 2027. Bí bátìrì bá wá di ohun tí ẹnikẹ́ni lè yọ lára fóònù gbogbo, Fairphone á ní láti wá ohun mìíràn tí òmìrán kò ní fẹ́ ṣe. Ó ti bẹ̀rẹ̀: ó fún Fairphone 5 ní wáráńtì ọdún 5.