Páásípọ́ọ̀tù Onípìn-ín àti Àkáǹtì Ilé-iṣẹ́ ní Ìlú Ọba

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ká ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní London. Peckham lòun ń gbé, páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàdàn lẹ̀yin wà pẹ̀lú ti Nàìjíríà. Ìpín tiẹ̀ jẹ́ 70 nínú 100, tiyín jẹ́ 30. Ní Companies House tí wọ́n ti ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí wàhálà: ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù lè ní ìpín. Ó di báńkì kí ojú tó là.

Òfin tí wọ́n fi ń gbógun ti owó èrú lọ́hùn-ún, ti ọdún 2017, ní kí báńkì mọ ẹnikẹ́ni tí ìpín rẹ̀ bá ju 25 nínú 100 lọ. Ẹ ti kó sí i nìyẹn. Ká ní 20 lẹ mú ni, wọ́n lè má bi yín ní púpọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá tún jẹ́ olùdarí. Bẹ́ ẹ bá sì ní kí ilé-iṣẹ́ míì bá yín di ìpín náà mú, wọ́n á tọ ọ́ títí wọ́n á fi kan èèyàn ẹlẹ́ran ara.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2023, FATF, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti owó èrú, kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣọ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ibi téèyàn ń gbé ni òfin ọdún 2017 yẹn ń wò tó bá ní kí báńkì ṣe àyẹ̀wò lákànṣe nítorí orílẹ̀-èdè kan. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ pé bí wọ́n bá kàn bí ẹnì kan síbẹ̀, ìyẹn nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n báńkì ní ìlànà tirẹ̀, fọ́ọ̀mù wọn á sì béèrè ọmọ ibo lẹ jẹ́. Lójú tèmi, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Peckham á tètè rí àkáǹtì ju ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fìdí kalẹ̀ sí Bódìjà lọ.

Ìdí ni ẹ̀rí àdírẹ́sì. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú bíìlì iná wá. Orúkọ lanlọ́ọ̀dù ló wà lórí rẹ̀! Ẹni tó ń ra yúnítì sí mítà kò tiẹ̀ ní bíìlì kankan. Ẹ tètè lọ sí báńkì yín nílé, kí wọ́n tún àdírẹ́sì yín kọ, kó lè hàn lórí sítétímẹ́ǹtì, kí orúkọ ibẹ̀ sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu.

Kì í sì í ṣe tiwa nìkan o. Láti ìgbà FATCA, òfin owó-orí Amẹ́ríkà ti ọdún 2010, bí ará Amẹ́ríkà bá wà lára àwọn onípìn-ín, fọ́ọ̀mù owó-orí dé nìyẹn, àwọn báńkì kan kò sì fẹ́ wàhálà ẹ̀. Ti ọmọ Rọ́ṣíà tilẹ̀ le jù: láti ọdún 2022, báńkì ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbọdọ̀ gba ju 100,000 yúrò lọ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi tó bá ní ìwé ìgbélùú ibẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó pín 70 sí 30, ẹ kọ́kọ́ bi báńkì tẹ́ ẹ ní lọ́kàn bóyá wọ́n ń gba onípìn-ín tí kò gbé Ìlú Ọba. Àwọn báńkì orí fóònù kan kì í gbà á.