Ta Ló Kọ Orúkọ Àwọn Tó Wọ Ọkọ̀?

Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níjokòó. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá àwọn tó dá lórí ọjọ́ tí omi bo gbogbo ayé. Nígbà tí mo kéré, bí omi náà ṣe ń ga sí i ló máa ń gbà mí lọ́kàn. Lóde òní, orúkọ ni mo máa ń wá nínú wọn: ta ló rí ọkọ̀ wọ̀, ta ló sì pinnu pé kó wọ̀ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti omi. Bí gbogbo yìnyín ayé bá yọ́ tán, òkun á fi nǹkan bíi mítà 65 sí 70 ga ju ti òní lọ. Ìyẹn kọjá omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù; Èkó lọ nìyẹn, Shanghai náà lọ. Síbẹ̀, òkè Everest ga tó mítà 8,849, omi tó lè bò ó kò sí nínú òkun. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí ayé rì pátápátá ní láti wá omi kún omi.

Garrett P. Serviss, oníròyìn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn ìmọ̀ ìràwọ̀, gbé tirẹ̀ wá láti ojú ọ̀run. Nínú The Second Deluge, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1911, ńṣe ni ayé rìn wọ inú ìkùukùu omi kan lójú òfuurufú. Stephen Baxter ní tirẹ̀, nínú Flood tó jáde ní 2008, fa omi jáde láti abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹlòmíì lè rò pé àlá lásán nìyẹn. Àmọ́ ní 2014, àwọn onísáyẹ́ǹsì kéde pé àwọn rí òkúta bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní ringwoodite nínú dáyámọ́ǹdì kan láti Juína ní ilẹ̀ Brazil, omi sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti ń wá jìn ju kìlómítà 500 lọ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹ má rò pé odò kan ń ṣàn níbẹ̀ o. Omi náà há sínú òkúta ni, kò lè dédé tú jáde bò wá mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, Baxter ti kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìròyìn yìí, mo sì kan sáárá sí i.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìwé orúkọ. Nínú ìtàn Serviss, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cosmo Versál ló kan ọkọ̀ ńlá, òun náà ló sì jókòó yan àwọn tó máa yè. Ó pín àyè bí ẹni pín ẹran: onísáyẹ́ǹsì 75, àgbẹ̀ pẹ̀lú oníṣẹ́ ọwọ́ 90, dókítà 30, olùkọ́ 20, lọ́yà ẹyọ kan péré. Ìdí tí àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ fi pọ̀ jù yé mi, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí agbẹ̀bí níbẹ̀, mi ò sì rí apẹja. Gbogbo ayé di òkun, kò sì sẹ́ni tó rántí apẹja!

Serviss fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ìwé orúkọ yẹn borí. Nígbà tí omi fà, a rí i pé ilẹ̀ ti ru sókè ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, àwọn tí Versál kò yàn sì wà láàyè níbẹ̀, títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bá a jiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà.

Ní ti Baxter, àwọn olówó wá ibi ìsádi fún ara wọn, àwọn tó kù sì so ohunkóhun tó bá léfòó pọ̀, wọ́n ń gbé orí rẹ̀. Wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Nígbà tí omi bo Everest ní 2052, àwọn àgbà ló ń ṣọ̀fọ̀ ilẹ̀. Omi ni ilé lójú àwọn ọmọ.

Ní Ilé-Ifẹ̀, omi ló ṣáájú nínú ìtàn tiwa. Olókun ló ni gbogbo ìsàlẹ̀. Àwọn kan ní Ọbàtálá ló rọ̀ wá, àwọn kan ní Odùduwà ni, ṣùgbọ́n ohun tó gbé dání kò yí padà: iyẹ̀pẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín, àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan iyẹ̀pẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Kò sí ọkọ̀, kò sí ìwé orúkọ. Mo ti ń retí òǹkọ̀wé tó máa mú ìtàn ọjọ́ iwájú jáde láti inú ìkarahun yẹn, ó ti pẹ́.

Bí n bá jẹ́ òǹkọ̀wé náà, Mákòkó ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀sà Èkó, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn ti kọ́lé sórí òpó igi lójú omi, tí ọmọdé ń tukọ̀ lọ síléèwé, tí àwọn ìyá ń yan ẹja lórí omi. Màá jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn rí ọkọ̀ ńlá Versál tó ń kọjá lọ lókèèrè, kó wò ó díẹ̀, kó sì yíjú padà sídìí ààrò rẹ̀, torí ẹja tó wà lórí iná.