Owó Háyà Ẹsẹ̀: Bí Àlọ́ Ṣe Ń Di Ìwé Ìtàn Àròsọ

Ọ̀pọ̀ wa la ti gbọ́ àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀ lé arẹwà ọkùnrin kan kúrò lọ́jà, láìmọ̀ pé ẹ̀yà ara tí ọkùnrin náà yá ló gbé wọ̀. Amos Tutùọlá fi àlọ́ yìí sínú The Palm-Wine Drinkard, tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń ṣe sí àlọ́ kó tó di ìwé, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò.

Ẹ kíyè sí bó ṣe tò ó. Ẹsẹ̀ òsì ni arẹwà yìí kọ́kọ́ dá padà, ó sì sanwó háyà rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó yọ ọ́, ó sanwó, ó wá ń wọ́ nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ inú igbó jìnnà, ọkùnrin náà kò sì gbà fún un. Bí ara ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, títí ó fi ku agbárí lásán. Ká ní orí ló ti bẹ̀rẹ̀ ni, ẹ̀rù ìbá ti tán lẹ́ẹ̀kan náà. Owó háyà yẹn gan-an ló dùn jù: iwin tó ń san gbèsè déédéé ń dẹ́rù bani ju èyí tó kàn ń yọ eyín lọ.

Iye ẹmu inú ìwé yìí náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀pẹ 560,000 ló wà nínú oko ọ̀mùtí, akọni ìwé náà. Adẹ́mu kan ṣoṣo ló ń dá a, agbè 150 láàárọ̀, 75 nírọ̀lẹ́. Irọ́ gbuu ni, ṣùgbọ́n òun ló gbé ìtàn ró. Nígbà tí adẹ́mu já bọ́ látorí ọ̀pẹ tó sì kú, kò sẹ́ni tó lè dá iye ẹmu yẹn mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tú ká, ló bá di dandan kí ọ̀mùtí wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Bí òǹkọ̀wé bá kàn sọ pé "ẹmu púpọ̀", adẹ́mu àdúgbò ìbá ti tó.

Oògùn ló sábà ń ba ìwé àwọn òǹkọ̀wé tuntun jẹ́. Wọ́n á fún akọni ní èyí tó ń ṣe ohun gbogbo, kò sì ní pẹ́ tí ọkàn òǹkàwé ò fi ní í mì mọ́. Ẹ wo ọgbọ́n Tutùọlá: ọ̀mùtí àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n fi ẹ̀rù wọn yáni, èlé rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n gba ẹ̀rù padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ikú ní rírà lòun rà á, òun ò dá a padà. Wọn ò lè kú mọ́, síbẹ̀ àyà ṣì ń já wọn.

Ọ̀nà mìíràn ni D. O. Fágúnwà gbà nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, lọ́dún 1938. Ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn ń sọ ìtàn ara rẹ̀, akọ̀wé ń kọ. Ilẹ̀ ṣú, ó lọ, ó tún padà wá, èrò sì ń pọ̀ sí i. Ìyẹn fún ìtàn gígùn ní ibi ìsinmi. Nínú àwọn akọni tó ń bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Lángbòdó, níbi tí ọba rán wọn lọ, Kàkò ní kùmọ̀, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin. Bí agbára méjì bá jọra, ẹnì kan á kàn máa tẹ̀ lé wọn ṣáá ni. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méje nílé Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n tí wọ́n bá níbẹ̀, wúwo díẹ̀ ní tiwa, àmọ́ ó kéré tán, Fágúnwà kọ́lé fún un, kò fọ́n ọn káàkiri. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé yìí sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968, Wálé Ògúnyẹmí sì sọ ìrìn àjò náà di eré Langbodo fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, lọ́dún 1977.

Ẹ fẹ́ dán an wò? Ẹ kọ àlọ́ kan sójú ìwé kan péré. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun ìyanu kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi í pé: ta ló ni ín, èló ni, kí ni kò lè ṣe? Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ yọ ọ́. Ní ti orin àlọ́, ẹ kọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá tún dé, ìlà àkọ́kọ́ ti tó, nítorí òǹkàwé kì í gbè é bí àwọn ọmọ tó jókòó yí apàlọ́ ká.