Atamátàsé tó ń ti kílọ́ọ̀bù bọ́ sí kílọ́ọ̀bù kì í ṣe ìsáǹsá

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn kóòṣì, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀ ni mo yọ kúrò, ìyókù wà bó ṣe wà.

Ẹ̀yin ọmọ Ajílété, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi wá, tí n bá yà bàrá níbì kan, ẹ fọkàn balẹ̀, ibẹ̀ náà ni n ó padà sí: agbábọ́ọ̀lù tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní kílọ́ọ̀bù mẹ́jọ, mẹ́wàá lókè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè é ní ẹni tí kò rọ́wọ́ mú. Mo mọ àwọn tó ń sọ ọ́. Orí rédíò ni wọ́n wà láràárọ̀, àwọn tí kò gbá bọ́ọ̀lù kọjá pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní "kò lè dúró síbì kan, ìwà ẹ̀ ni ò da." Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti ṣiṣẹ́ ní rédíò mélòó?

Ẹ jẹ́ ká mú Rashidi Yekini. Gbogbo wa la mọ bó ṣe di sáwọ̀n Bulgaria mú ní Dallas ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 1994, ìyẹn ò nílò àlàyé. Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ ni kí ẹ bá mi wò. Ó ti Kaduna wá sí Shooting Stars n'Íbàdàn, ó bọ́ sí Abiola Babes l'Abẹ́òkúta, ó kọjá sí Africa Sports l'Abidjan ní 1987, ìgbà tó máa fi dé Vitória Setúbal ní Pọ́túgàl ní 1990, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ejẹ́ǹtì òde òní á ní ó ti gbó. Kílọ́ọ̀bù yẹn já sí líìgì kejì, ó dúró tì wọ́n, ní sáà 1992 sí 1993 ó gbá góòlù 34 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 32, wọ́n padà sókè, sáà tó tẹ̀lé e ó tún gbá 21, kò sẹ́ni tó gbá tó o ní gbogbo líìgì àgbà Pọ́túgàl. 1993 yẹn náà ló di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù l'Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ẹ wá wò ó. Lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ó lọ sí Olympiacos ní Gíríìsì, kò bọ́ sí i. Sporting Gijón ní Sípéènì, kò bọ́ sí i. Ṣé ẹsẹ̀ tó gbá 34 ló já bọ́ nínú bàálù ni? Ẹsẹ̀ kan náà ni, àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù fún un ló yàtọ̀, nítorí atamátàsé ò lè gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá fún ara rẹ̀ kó tún sáré lọ kàn án lórí. Ẹ gbé ìyá alámàlà tí èrò ń rọ́ lọ bá ní Tákíé lọ sí àdúgbò tí wọn ò ti ń jẹ àmàlà, kẹ́ ẹ wo bóyá ọjà á tà. Yekini padà sí Setúbal ní 1997, ó lọ sí Zürich, ó dé Tùnísíà, ó dé Sáúdí, ó tún padà s'Abidjan, 2005 ló gbá fún Gateway nílé níbí, ọdún tó pé méjìlélógójì. Ẹni tí kò mọṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ títí dìgbà yẹn.

Wọ́n á ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa, Odion Ighalo ńkọ́? Prime FC Òṣogbo níbí yìí, Julius Berger, Lyn ní Nọ́wè ní 2007, Udinese ní Ítálì ní 2008, Granada ní Sípéènì, Cesena ní Ítálì, Granada padà, Watford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2014. Tẹ́ ẹ bá kà á lójú fífò, ẹ ó ní kò síbi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ. Àmọ́ ìdílé Pozzo kan náà ló ni Udinese, Granada àti Watford lásìkò yẹn! Àpò ọ̀tún ni wọ́n ń ti mú un sí àpò òsì. Níbi tí wọ́n sì ń mú un lọ, Granada gòkè ní 2010, wọ́n tún gòkè ní 2011, Watford gòkè ní 2015, sáà tó tẹ̀lé e ó gbá 15 wọlé ní Premier League. Ó lọ sí Ṣáínà ní 2017, ariwo sọ, wọ́n ní owó ló ń lé. Owó ni kẹ̀! Ṣé ọ̀fẹ́ ni àwọn yẹn ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́? Láti Ṣáínà yẹn ló ti wá gbá góòlù jù ní ife ilẹ̀ Áfíríkà 2019, ibẹ̀ náà ni Manchester United ti wá yá a ní January 2020.

Wọ́n ti ń na aago sí mi. Ti Obafemi Martins ò ní gùn mọ́: yíyá ni wọ́n yá a fún Birmingham ní 2011, góòlù ẹ̀ ni wọ́n fi gba ife League Cup lọ́wọ́ Arsenal, sáà yẹn náà ni Birmingham já sí líìgì kejì. Ti òtútù, ti èdè, ti iye àjèjì tí líìgì kan ń gbà, ẹ mọ̀ pé wọ́n náà ń lé agbábọ́ọ̀lù kiri, ẹ jẹ́ n fò ó.

Ibẹ̀ ni kóòṣì kan ti dìde lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, àmọ́ àwa tá a kọ́ ọmọ yìí láti ọmọ ọdún méjìlá, tí à ń fowó ara wa ra bọ́ọ̀lù, kí ló kàn wá nínú Watford?" Ni gbogbo ilé bá pàtẹ́wọ́. Mo ní kó má jókòó.

Ó kàn yín gan-an ni. Òfin FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù, kí àwọn tó tọ́ ọ láti ọdún méjìlá sí mẹ́tàlélógún pín in: 0.25% fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti méjìlá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 0.5% fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti mẹ́rìndínlógún lọ. Ká ní mílíọ̀nù kan yúrò ni wọ́n rà á, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ láti méjìlá dé mẹ́tàdínlógún, 20,000 yúrò ni tiyín. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún tà á sí ilẹ̀ mìíràn nígbà tí àdéhùn ẹ̀ ò tíì parí, wọ́n á tún san án. Gbajúmọ̀ tó jókòó sí kílọ́ọ̀bù kan fún ọdún méjìlá, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa rí tiẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bú lórí rédíò pé ó ń kó kiri yẹn ló máa bá yín kan páànù.

Kóòṣì ní òun ò forúkọ ọmọ kankan sílẹ̀ rí. Háà. Kò sí orúkọ, kò sí owó nìyẹn o. Ìwé tí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá ní lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń mọ ibi tó ti gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún, òun ni ilé ìsanwó FIFA tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ń wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gé ọjọ́ orí, ẹ má wojú mi, ẹ mọ ara yín: tẹ́ ẹ bá gé ọdún mẹ́ta kúrò, ọdún tẹ́ ẹ kọ́ ọ lọ́mọ méjìlá á di mẹ́sàn-án nínú ìwé, FIFA ò sì ń sanwó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Owó ara yín lẹ̀ ń gé.

Màmá kan ló béèrè kẹ́yìn. Ejẹ́ǹtì kan ní kí wọ́n mú owó wá kóun fi gbé ọmọ wọn lọ sí trial, ìyẹn ìdánwò bọ́ọ̀lù, ní Yúróòpù, ọmọ náà sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní, Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀. Òfin ò gbà kí kílọ́ọ̀bù òkèèrè gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kéré, ti ọmọ yín ò sì sí níbẹ̀. Ejẹ́ǹtì tó níwèé àṣẹ, orúkọ ẹ̀ wà lórí wẹ́bùsáìtì FIFA, ẹ ní kó fún yín ní nọ́ńbà ìwé àṣẹ ẹ̀. Màmá pe ejẹ́ǹtì náà lójú gbogbo wa, wọ́n fi í sórí sípíkà, wọ́n béèrè nọ́ńbà náà. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.