Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀pá Ìgòkè Tí Ó Tún Lè Gbé Kámẹ́rà Dúró

Ẹ̀yin olùwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀pá tí ẹ ń wò lọ́wọ́ mi yìí ni mo fi gun Òkè Ìdànrè, òun náà ni mo sì gbé kámẹ́rà lé nígbà tí mo dé orí àpáta. Ẹni tí ó bá ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè rí, èyí tí iye rẹ̀ lé ní 600, yóò mọ̀ pé kí a tó dé ìdajì ọ̀nà ni ohun tí ó fúyẹ́ nísàlẹ̀ ti ń wúwo lẹ́yìn ẹni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń fi tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn sílẹ̀ sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń gbé àwòrán tí ó rí bàìbàì bọ̀ wálé, nítorí pé ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ kì í lè dúró jẹ́ẹ́. Ọ̀pá kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì lè gbà wá lọ́wọ́ èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀pá tí wọ́n ń polówó bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a náwó lé.

Kí a tó sọ̀rọ̀ jìnnà, mo fẹ́ kí a fi í sọ́kàn pé ara yín ni ọ̀pá yìí kọ́kọ́ wà fún, àlejò ni kámẹ́rà jẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀pá tí ó gbé kámẹ́rà dáadáa, ṣùgbọ́n tí ó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, lè ṣe ẹni náà léṣe, kí ó sì fọ́ kámẹ́rà mọ́ ọn. Nítorí náà, bí mo ṣe ń ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀yà ọ̀pá yìí, ẹsẹ̀ ni n ó máa rò kí n tó ro àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Bí ẹ bá dojú kámẹ́rà yín délẹ̀, ẹ óò rí ihò kan lábẹ́ rẹ̀ tí a lè yí bóòtù wọ̀. Ìwọ̀n bóòtù náà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, ìyẹn díẹ̀ lé ní mìlímítà 6, eyín 20 ni ó sì wà lára gígùn ínṣì kan rẹ̀. Ìwọ̀n yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti gbogbo kámẹ́rà tí a ń rí rà, èyíkéyìí ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣe é. Bóòtù kan tún wà tí ó nípọn jù ú lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínṣì, èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún ohun èlò tí ó wúwo. Lórí ọ̀pá ìgòkè, èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa wá. Abẹ́ ìdérí roboto tí ó wà lórí ibi ìdìmú ni wọ́n máa ń fi bóòtù náà pamọ́ sí: ẹ óò yí ìdérí náà kúrò, bóòtù yóò sì yọrí. Ní ti fóònù, kò ní ihò kankan lábẹ́, nítorí náà ẹ óò ra ohun tí ń gbá fóònù mú, tí ihò bóòtù wà ní ìdí rẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá okùn so ìdérí yìí mọ́ ọ̀pá. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìdérí ọ̀pá mi àkọ́kọ́ kò ní okùn. Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì wọ àárín òkúta níbi tí apá mi kò lè dé. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí bóòtù tí kò ní ìbòrí títí mo fi sọ̀ dé ìsàlẹ̀, nítorí pé nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an ni a máa ń gbé ọwọ́ lé orí ọ̀pá. Ọwọ́ mi bó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ ni ohun tí ń ti ọ̀pá pa. Ọ̀pá yìí ní ìpele mẹ́ta tí ń wọnú ara wọn, ohun tí kò sì jẹ́ kí wọ́n padà wọnú ara wọn nígbà tí a bá fara tì í ni gbogbo ẹ̀mí rẹ̀. Irú kan wà tí a ń lọ́ bí ẹni ń lọ́ ìdérí ìgò, tí nǹkan kan nínú rẹ̀ yóò sì wú fẹ̀ títí yóò fi há mọ́ ara ọ̀pá. Irú kejì ní etí kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ tí a ń ṣí sókè, tí a sì ń tẹ̀ padà mọ́ ọ̀pá. Òun ni ilé-iṣẹ́ Black Diamond ti Amẹ́ríkà ń pè ní FlickLock. Èmi a máa yan irú kejì yìí láìṣiyèméjì. Bí eruku ọyẹ́ tàbí iyanrìn bá wọ inú èyí tí a ń lọ́, kì í há dáadáa mọ́, ohun tí ó sì burú níbẹ̀ ni pé ojú kò lè rí i bóyá ó há tàbí kò há. Ṣùgbọ́n etí tí a tẹ̀ mọ́ ọ̀pá hàn kedere, bí ó bá sì ti ń dẹ̀, bóòtù kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a lè fún le sí i.

Irú kẹta ni èyí tí a ń ká bí ọ̀pá àgọ́, tí okùn la inú rẹ̀ kọjá. Ó rọrùn láti fi sínú àpò, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ṣeé dín kù tàbí fà gùn, ibi tí gíga rẹ̀ bá sì mọ ni gíga kámẹ́rà yóò mọ. Kò bá iṣẹ́ tiwa mu.

Àwọn ọ̀pá kan tún ní sípíríǹgì nínú, kí ilẹ̀ líle má baà máa gbọn ọrùn ọwọ́ jìgìjìgì. Fún ìrìn, ohun tí ó dára ni. Fún kámẹ́rà, ọ̀tá ni, nítorí pé bí ẹ bá ti fi ìka tẹ bọ́tìnnì ni gbogbo rẹ̀ yóò mì. Bí ẹ bá fẹ́ irú rẹ̀, kí ó jẹ́ èyí tí a lè ti sípíríǹgì rẹ̀ pa.

Ní ti gíga, ọ̀pọ̀ ọ̀pá ìgòkè kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 130 sí 140 lọ, bẹ́ẹ̀ ojú ẹni tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170 yóò wà ní nǹkan bí 158. Èyí túmọ̀ sí pé àyà ni kámẹ́rà yóò dé, kì í ṣe ojú. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ní gíláàsì ẹ̀yìn tí a lè dojú rẹ̀ kọ òkè kò ní rí ìṣòro, àmọ́ ẹni tí ń yọjú wo inú ihò kámẹ́rà yóò tẹ̀ ba tàbí kí ó kúnlẹ̀. Fún ìrìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ ṣètò ọ̀pá náà kí ìgbọ̀nwọ́ yín lè ká bí igun ilé nígbà tí ìdí ọ̀pá bá wà nílẹ̀. Bí ẹ bá ń gòkè, ẹ dín in kù ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, bí ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fà á gùn díẹ̀.

Alumíníọ̀mù tàbí kábọ́ọ̀nù? Kábọ́ọ̀nù fúyẹ́ jù, ó sì máa ń pa ìgbọ̀nrìrì, èyí tí ó dára fún àwòrán. Ṣùgbọ́n bí ó bá há sáàárín òkúta méjì, tí a sì fi ara lọ́ ọ, ó lè ṣẹ́ lójijì. Alumíníọ̀mù sábà máa ń tẹ̀ kí ó tó ṣẹ́, ọ̀pá tí ó tẹ̀ ṣì lè sin èèyàn délé. Lórí àpáta tiwa, alumíníọ̀mù ni mo fara mọ́, bí ó tilẹ̀ fi díẹ̀ wúwo.

Ìdí ọ̀pá náà ní irin ṣónṣó kan tí ó le gan-an, a sì lè fi rọ́bà bò ó. Lórí àpáta gbígbẹ bíi ti Ìdànrè, ẹ jẹ́ kí rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀, nítorí irin máa ń yọ̀ lórí òkúta tí ó dán, ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀ àti lórí ewé jíjẹrà, ẹ yọ rọ́bà kúrò kí irin lè gúnlẹ̀. Lórí òkúta tí omi ń ṣàn lé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Inú pàlàpálá òkúta ni kí ẹ ti ọ̀pá bọ̀.

Wàyí o, kí ni ọ̀pá yìí lè ṣe fún àwòrán? Àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò kan péré ni ọ̀pá yìí. Ẹsẹ̀ yín méjèèjì ni ìyókù. Ẹ gbé ọ̀pá síwájú díẹ̀, ẹ ya ẹsẹ̀, ẹ rọra fara tì í, kí ẹ sì mí jáde kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Òfin tí àwọn ayàwòrán mọ̀ ni pé bí a bá fi lẹ́ǹsì mìlímítà 200, irú èyí tí ń fa ohun tí ó jìnnà súnmọ́, ya àwòrán lọ́wọ́ lásán, kí ojú kámẹ́rà má ṣe ṣí ju ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Pẹ̀lú ọ̀pá, mo máa ń lọ sí ìdá kan nínú 50, àwòrán yóò sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà rí bí òwú funfun, ojú kámẹ́rà yóò ṣí tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ tripod nìyẹn, kò sí ọ̀pá kan ṣoṣo tí mo lè fi dá yín lójú fún un. Ẹ fi okùn kámẹ́rà kọ́ ọrùn ní gbogbo ìgbà tí ó bá wà lórí ọ̀pá, kí ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kí ẹ tó tú u kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fa ọ̀pá náà gùn, ẹ tì í pa, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e lórí, kí ẹ sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rì, ẹ dá a padà fún olùtajà. Bí kò bá rì, ẹ yí kámẹ́rà mọ́ bóòtù, kí ẹ wò ó bóyá ó jókòó láìmì. Nígbà tí ẹ bá sì ti ibi ìrìn dé, ẹ fa àwọn ìpele náà yọ kúrò nínú ara wọn, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ kí ẹ tó kó wọn jọ. Ẹ má fi òróró kan wọ́n, nítorí òróró ni yóò mú kí ohun tí ń ti ọ̀pá pa máa yọ̀ nígbà tí ẹ bá tún fara tì í.