Bí A Ṣe Lè Wọn Iṣẹ́ Sẹ́nétọ̀

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ aṣòfin àgbà. Bí ẹ bá bi ará àdúgbò kan pé kí ni sẹ́nétọ̀ wọn ṣe, ẹ̀rọ omi ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà tiransifọ́mà, maṣíìnì ìránṣọ, ọ̀kadà àti ìrẹsì ọdún. N kò ní kí wọ́n má gbẹ́ kànga o. Òùngbẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé òfin ọdún 1999 láti òkè délẹ̀, ẹ kò ní í rí ibi tí wọ́n ti ní kí aṣòfin máa pín ọ̀kadà. Ohun tí wọ́n yàn án fún ni kí ó ṣòfin, kí ó fọwọ́ sí owó tí ìjọba fẹ́ ná, kí ó sì tọpinpin àwọn tó ń ná an.

Sẹ́nétọ̀ 109 ló wà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta, Àbújá ní ẹyọ kan. Bí Èkó ti kún tó, mẹ́ta náà ló ní, bíi ti Èkìtì. Iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín àyè ní ilé aṣojú-ṣòfin. Ní ilé àgbà, ọgbọọgba ni gbogbo ìpínlẹ̀, kí ẹni tó pọ̀ má baà tẹ ẹni tí kò pọ̀ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sábà máa ń jókòó. Abala 63 nínú ìwé òfin náà ní kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 181 lọ́dún. Abala 68 sì le jù bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó jẹ láìsí ìdí tó múná dóko, àyè rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ máa béèrè pé ọjọ́ mélòó ni tiyín wà níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń tàn wá jù ni ọ̀rọ̀ àbádòfin, ìyẹn àbá tí wọ́n fẹ́ sọ di òfin. Ẹ ó gbọ́ lórí rédíò pé sẹ́nétọ̀ kan ti gbé ogún tàbí ọgbọ̀n àbádòfin lọ sílé, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ á sì pàtẹ́wọ́. Kíkà àkọ́kọ́ kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: àkọlé nìkan ni akọ̀wé ilé máa ń kà, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn. Bí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde ni. Ó ti lórúkọ, kò tíì rá. Kíkà kejì ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbé e wá yóò dìde, yóò sọ ìdí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbè é tàbí kí wọ́n ta kò ó. Bó bá là á já, ó di ọwọ́ ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, àwọn aṣòfin díẹ̀ tí ilé yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, tí ó lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Ìgbìmọ̀ á mú àbọ̀ wá, ilé á yẹ̀ ẹ́ wò ní abala-abala, ó tó kan kíkà kẹta. Ilé kejì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i bákan náà. Ààrẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú, bó bá sì kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì lè sọ ọ́ di òfin lójú rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Ọbásanjọ́ lórí òfin NDDC, àjọ tó ń mójú tó ìdàgbàsókè Niger Delta, lọ́dún 2000. Ọ̀pọ̀ àbádòfin kì í dé ibi tí mo ń sọ yìí. Nítorí náà, ẹ fi ti iye sílẹ̀. Ibi tó bá a dé ni kí ẹ béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò nínú ilé náà kò rọrùn láti tọpa. Ohùn ni wọ́n sábà fi ń dìbò: àwọn tó gbà á pariwo, àwọn tí kò gbà á pariwo, ààrẹ ilé á lu òòlù. Báyìí ni Ken Nnamani, ààrẹ ilé àgbà nígbà náà, ṣe parí ọ̀rọ̀ àtúnṣe òfin tí ì bá fún Ọbásanjọ́ láyè láti ṣe sáà kẹta ní May 16, 2006. Ó dùn mọ́ wa nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ohùn kì í fi orúkọ sílẹ̀.

Inú ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ni mo ti máa ń mọ ojúlówó aṣòfin. Abala 88 àti 89 fún wọn lágbára láti pe ẹnikẹ́ni kó wá ṣàlàyé bó ṣe náwó. Kámẹ́rà kì í pọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó wu ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ tún wo àyẹ̀wò àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe mínísítà, iṣẹ́ tó jẹ́ ti ilé àgbà nìkan: ẹni tó bá ti ṣe aṣòfin rí, wọ́n á ní kó tẹríba kó máa lọ láìbi í ní ìbéèrè. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá.

Agbára ilé àgbà kò tó báyìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Wúràọlá Ẹ̀san ará Ìbàdàn, obìnrin tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ lọ́dún 1944, di obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé àgbà lọ́dún 1960, ilé náà lè dá àbádòfin dúró díẹ̀ ni, kò lè pa á. Lónìí, láìsí ilé àgbà, kò sí òfin àpapọ̀ kankan.

Ọ̀dọ́kùnrin kan béèrè pé ṣé a lè pe sẹ́nétọ̀ wálé, ìyẹn ká yọ ọ́ kí sáà rẹ̀ tó parí. A lè ṣe é. Abala 69 fẹ́ kí ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà fọwọ́ sí ìwé, lẹ́yìn náà kí wọ́n dìbò lé e lórí. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ fún Dino Melaye, sẹ́nétọ̀ ìwọ̀-oòrùn Kogí nígbà náà, níbi tí àwọn ará wa Òkun wà. Orúkọ 189,870 ló wà nínú ìwé náà. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní April 28, 2018, 18,742 péré ni wọ́n rí jẹ́rìí sí. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ohun tó rọrùn ju ìyẹn lọ ni òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ilé aṣòfin, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wá sí ìjókòó àti àkọsílẹ̀ ohun tí aṣojú yín sọ nílé. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ, ọjọ́ méje sì ni òfin fún wọn láti fèsì.