Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Ọ̀dọ́ Ajá Lọ́dọ̀ Àgùntàn: Ẹ Máa Wo Ẹsẹ̀ Mi

Ẹ káàbọ̀ o. Oko àgùntàn kan ní Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo wà yìí, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ajá ní iṣẹ́ dída àgùntàn. Nínú fídíò yìí, n ó fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ hàn yín láti ìgbà tí ajá bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títí tí yóò fi padà sínú rẹ̀. Ajá tí a ó lò ni Ṣùúrù, abo Border Collie (ìran ajá darandaran kan), ọmọ oṣù 10. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé kò tíì ro ọmọ ajá yìí rárá.

Bí ẹ ti ń wo ajá, ẹ máa wo ẹsẹ̀ èmi náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń mú ajá wá síbí ló rò pé ọ̀rọ̀ àṣẹ ni àwọn wá kọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ibi tí ènìyàn dúró sí ni ajá ń gbọ́, kì í ṣe ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ ilé ná. Láti oṣù 8 sí 12 ni ọ̀pọ̀ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n eré ẹsẹ̀ ajá ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ: ó gbọ́dọ̀ lè sáré kọjá àgùntàn kí ó sì yọ sí wọn níwájú, nítorí pé ajá tí kò bá lè bá wọn yóò sọ lílé wọn láti ẹ̀yìn di bárakú. Kí ó mọ bí a ti ń dùbúlẹ̀ nígbà tí a bá sọ fún un, kí ó sì máa jẹ́ ìpè. Ẹ fún un ní oògùn aràn kí ẹ tó gbé e wá, nítorí pé irú aràn kan wà tí ẹyin rẹ̀ ń ti inú ìgbẹ́ ajá bọ́ sórí koríko tí àgùntàn ń jẹ, tí yóò sì ba ẹran náà jẹ́ débi pé wọn kò ní gbà á ní ilé ìpẹran. Olóko tí ó bá bi yín léèrè nípa rẹ̀ kò ṣe àṣejù.

Ẹ má sì ṣe dán iṣẹ́ yìí wò lórí pápá olóko tí kò fún yín láyè. Lábẹ́ òfin ọdún 1953 tí ó ń dáàbò bo ẹran ọ̀sìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ẹni tí ajá rẹ̀ ń lé àgùntàn kiri lè jẹ̀bi, bí ajá náà kò tilẹ̀ bu ẹyọ kan jẹ. Bí olóko bá yìnbọn pa ajá bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn láti dá a dúró, tí ó sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 48, òfin ọdún 1971 fún un ní àwíjàre.

Ó yá, ẹ wo àwọn àgùntàn inú ọgbà róbótó yìí. Márùn-ún ni wọ́n, ìran Swaledale, tí ojú wọn dúdú tí ẹnu wọn sì funfun. Kò sí aboyún kankan nínú wọn. Oyún àgùntàn ń gbà tó ọjọ́ 147, ìgbà ìrúwé sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń bímọ níhìn-ín, nítorí náà a kì í fi abo tí oyún rẹ̀ ti gbó kọ́ ajá tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Èyí tí a tẹ̀ lọ́dàá ni a máa ń lò. Wọ́n ti mọ ajá dáadáa, ìdí nìyí tí wọn kò fi fò bá ògiri bí a ti ń ṣí géètì. Ṣùgbọ́n àgùntàn tí ó bá mọ ajá jù náà ní ìyọnu tirẹ̀: ẹ wo èyí bí ó ti fi èjìká ti orúnkún mi. Ó mọ̀ pé bí ìjà bá dé, ẹ̀yìn ènìyàn ni ààbò wà.

Mo ti so okùn tí ó gùn tó mítà 10 mọ́ Ṣùúrù lọ́rùn. N kò ta kókó sí ìdí okùn náà, kí ó má baà há sí ibi kankan nígbà tí ajá bá ń wọ́ ọ kiri. A ti wọlé, mo sì ti ti géètì pa. Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa: ó ti tẹ orí wálẹ̀, ó ti ká ìrù sí àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, kò sì rántí láti sọ ọ́ kalẹ̀. Kò gbó rárá. Ìrù tí ó wà nílẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé ajá tí ó bá gbé ìrù sókè fìrìfìrì ń ṣeré ni, kò tíì ronú iṣẹ́.

Wíwò jẹ́jẹ́ yìí ni wọ́n fi mọ ìran rẹ̀. Old Hemp, tí a bí ní Northumberland ní ọdún 1893 lọ́dọ̀ Adam Telfer tí ó ń sin ajá, jẹ́ ajá tí kì í pariwo, ojú lásán ló fi ń darí ẹran, ara rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Border Collie òde òní ti ṣẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ajá darandaran ló rí bẹ́ẹ̀. Huntaway ti New Zealand ń fi gbígbó ṣiṣẹ́, German Shepherd sì ń rìn ní ààlà pápá kí ẹran má baà wọ oko olóko. Bí irú èyí ni ẹ ní, ẹ wá olùkọ́ tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀, torí pé ohun tí mò ń ṣe yìí kò ní bá a mu.

Ẹ fi ojú inú ya agogo ńlá sílẹ̀. Àárín rẹ̀ ni àgùntàn wà, èmi dúró sí aago 6, aago 12 ni ajá sì ń wá, ní òdìkejì mi gan-an. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti máa da ẹran wá bá ènìyàn. Mo tú ọwọ́ kúrò lára okùn báyìí. Mo rìn lọ sí aago 4, ajá sì lọ sí aago 10. Mo padà sí aago 6, òun náà padà sí 12. Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn dúró sójú kan bí òpó, kí ó máa pariwo, kí ajá sì máa yí po bí ó ti wù ú.

Ó ṣẹlẹ̀! Ó ti já gba àárín wọn, àgùntàn ti tú ká, irun àgùntàn sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. N kò ní pariwo, n kò sì ní sáré lé e. Mo rìn kọjú sí èjìká rẹ̀, mo na ọ̀pá sílẹ̀ níwájú rẹ̀, títí tí yóò fi yà síta tí yóò sì fún àgùntàn láyè. Ọ̀pá yìí kì í ṣe ti nínà. Ó kàn ń mú kí apá mi gùn sí i ni. Bí mo bá tẹ̀ sí iwájú orí ajá, yóò yí padà. Bí mo bá tẹ̀ sí ìdí rẹ̀, yóò yára sí i. Ẹ kọ́ èyí láìsí ajá ná, kí ẹnìkan nínú ilé yín ṣe bí ajá. Ẹ̀rín yóò pa yín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín yóò mọ ọ̀nà.

Wàyí o, àwọn àgùntàn ti kó ara wọn jọ, Ṣùúrù sì ti padà sí aago 12. Ìgbà yìí gan-an ni kí ẹ sọ fún ajá pé kí ó dùbúlẹ̀, nítorí pé ibi tí ara rẹ̀ balẹ̀ sí nìyẹn. Bí kò bá dáhùn, mo tẹ okùn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tí kò ní sọnù náà kì í gbọ́ ọ, nítorí náà ẹ fi súfèé sílẹ̀ sílé.

Àṣẹ tí a fi ń darí ajá sí ìhà méjèèjì yóò tẹ̀lé e nígbà tí ajá bá ti ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń yí gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ agogo ti ń yí, mo ń sọ “come bye” bí ó ti ń lọ. Bí ó bá ń yí ní òdìkejì, “away” ni. Ẹ lè lo Yorùbá bí ẹ bá fẹ́, ajá kò ní bi yín ní ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yín ni yóò mú ajá náà lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ẹ bá sì ń sọ ni òun náà gbọ́dọ̀ máa sọ.

Ìṣẹ́jú 10 ti tó. Ahọ́n rẹ̀ ti gùn, ó sì ṣì fẹ́ sí i, ibi tí ó yẹ kí a ti dúró nìyẹn, pàápàá bí oòrùn bá mú. Mo mú okùn nígbà tí ó dùbúlẹ̀, mo sọ pé “that'll do”, ìyẹn ni pé iṣẹ́ ti parí, mo sì mú un rìn kúrò láì jẹ́ kí ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ fún un ní omi, ẹ yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Ẹ má ṣe gbà á láyè láti máa fi pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò tàbí àwọn ọmọ kéékèèké dánra wò nílé.

Ọ̀sẹ̀ kan sí ara wọn ni mo fẹ́ràn láàárín ẹ̀kọ́ àti ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá ń retí ìdíje ajá darandaran, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é ní ìlú Bala ní Wales ní ọdún 1873, agogo yìí kan náà ni ajá yóò máa yí, àfi pé yóò fẹ̀ débi tí aago 12 yóò fi jìnnà sí yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e kúrò nínú ọgbà róbótó lọ sí pápá gbalasa títí tí yóò fi lè yí ní ìhà méjèèjì láì já àárín wọn, tí yóò sì dùbúlẹ̀ ní aago 12 láì jẹ́ pé ẹ tẹ okùn.